Ọwọ́ Rẹ̀ Lórí Àyà

Nígbà tí olóògbé ìyàwó mi ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, ọwọ́ kan ló fi ń na aṣọ han oníbàárà. Ọwọ́ kejì wà láyà rẹ̀, bí ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ olè. Kì í rí oorun sùn, àyà rẹ̀ sì ń já ṣáá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní orí rẹ̀ ló fẹ́ dàrú. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, tí mo bá ya wèrè, ta ló máa bá yín wé gèlè?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà á. Bí ẹnìkan bá pè é, á kọ́kọ́ bi mí: "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?"

A lọ sí ọsibítù ní Ìsọlọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní, "Mà, ohun tá a rí nínú ẹ̀jẹ̀ yín fi hàn pé ọkàn yín ti ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Òun ló ń já yín láyà. Kì í ṣe wèrè."

Ojú ẹsẹ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ bá mi dúpẹ́! Ọkàn mi ni kò dáa, orí mi pé!"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jó. Àwọn nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Èmi ló tẹjú mọ́.