Kẹ̀kẹ́ Oníná Alàájì Lásísì àti Òkè Ọ̀nà Oko

Lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ oníná kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo yí i ká títí, mò ń wá ibi tí wọ́n ń rọ epo sí. N kò rí i. Mo wá ibi tí èéfín ń gbà jáde. Kò sí. Mo tẹ́tí kí n gbọ́ ariwo rẹ̀. Kò pariwo. Alàájì Lásísì tó ni ín dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé ó bà ọ́ lẹ́rù ni?"

"Rárá, Alàájì. Mò ń wò ó ni."

"Máa wò ó. Òun náà ń wò ọ́."

Ìlú Ara-Èkìtì ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ̀fọ̀n ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kò ka ẹnikẹ́ni sí oníkẹ̀kẹ́ àfi bí ó bá ti wa kẹ̀kẹ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìsọ̀ kalẹ̀. Bí oníbàárà bá ráhùn pé kẹ̀kẹ́ òun wúwo, ọ̀gá mi á kọ́kọ́ wo ikùn onítọ̀hún kí ó tó wo ṣéènì. Ìgbà tí mo gba ìyọ̀ǹda tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Mo ti ní irùngbọ̀n nígbà náà. Tísà ìṣirò wa a máa ṣèèṣì kí mi pé "ẹ káàárọ̀, sà." Mo kàwé tán, mo padà sídìí kẹ̀kẹ́.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi ló ń sọ ọ́ fún àwa méjèèjì. Ó ń ta bisikíìtì àti omi tútù ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà, tó ń béèrè ilé lọ́wọ́ wọn. Tèmi ni kí n tẹrí ba sídìí táyà. Láti ìgbà tó ti kú, ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́. Àwọn èèyàn á gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n á lọ. Alàájì nìkan ni kò gbà. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, á sì bá mi dá ara rẹ̀ lóhùn.

Alàájì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ń ṣòwò obì, ó sì lóko kòkó. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Sìkírá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àbújá, wá sọ fún un pé kí ó lo oògùn rẹ̀ déédéé, kí ó sì máa ṣe eré ìdárayá. Bí kò bá ṣe é, òun á wá mú un lọ sí Àbújá kí òun lè máa fi ojú ara òun ṣọ́ ọ.

Alàájì ti dé ilé Sìkírá ní Àbújá rí. Òkè tente pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó wà.

"Tí mo bá jí láàárọ̀, òrùlé àwọn ẹlòmíràn ni mò ń wò," ó wí fún mi. "Ta ni mo fẹ́ kí níbẹ̀? Kí n máa ka mọ́tò? Mè é lọ! Inú ulé mi ni mo wà."

Kí ó má baà lọ, ó wá ra kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Kẹ̀kẹ́ lásán, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Mo bá a fún ṣéènì rẹ̀, mo bá a rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbéra lọ sóko. Òkè kan wà lójú ọ̀nà oko wọn, kò ga tó ti Ẹ̀fọ̀n, ṣùgbọ́n kò mọ ojú àgbà. Alàájì dé ìdajì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyókù, òun ló gbé kẹ̀kẹ́. Orúnkún rẹ̀ wú lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ fi òróró pa á fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń pa á, ó ń ṣépè fún mi. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ẹ̀yìnkùlé, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní òkè òkun fi kẹ̀kẹ́ oníná ránṣẹ́.

Kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ti mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ oníná ní pẹ́dà, ó ní ṣéènì, bíi ti kẹ̀kẹ́ lásán. Bátìrì kan wà lára rẹ̀ tí à ń ki iná bọ̀ bíi fóònù, mọ́tò kékeré kan, ìyẹn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, sì wà láàárín táyà ẹ̀yìn. Bí o bá ń tẹ pẹ́dà, mọ́tò á máa bá ọ tì í, bí ìgbà tí ẹnì kan bá fi ọwọ́ tì ọ́ lẹ́yìn níbi òkè. Bí o bá dẹ́kun títẹ̀, òun náà á dẹ́kun. Ṣùgbọ́n ti Alàájì tún ní ibì kan lápá ọ̀tún tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí bíi ti ọ̀kadà. Bí o bá yí ibẹ̀, ó ń lọ fúnra rẹ̀. O lè ká ẹsẹ̀ rẹ kò bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀.

Alàájì ń lọ, ó ń bọ̀. Aráàlú ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó gbé e wá kí n yí bíréèkì rẹ̀. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ mọ bí a ti í ṣe ọjà tuntun: ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́, a kì í tètè ṣí i. Alàájì ṣí ti ọwọ́, nítorí ó ń mú un lóòógùn. Ó ṣí ti ìjókòó, nítorí ó ń yọ̀. Ti pẹ́dà wà níbẹ̀ digbí.

"Alàájì, ọ̀rá ṣì wà lára pẹ́dà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń tọ́jú rẹ̀."

"Kò tilẹ̀ ya."

Ó wo títì. "Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé e."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń ru."

Kò tíì kúrò lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Sìkírá ni. Ó ní òun kò gbà pé ó ń ṣe eré ìdárayá, òun ti gba ìsinmi, òun ń bọ̀ tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, kí Alàájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ tí yóò kó lọ. Alàájì fi fóònù sápò. Ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí lára kẹ̀kẹ́ náà.

"Bàbá Bọ́sẹ̀," ó wí, "tú u."

Mo tú wáyà tó lọ sí ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Mo fa ọ̀rá ya kúrò lára pẹ́dà. Bí mo ti ń fà á, Alàájì ń ṣojú bí ẹni tí wọ́n ń fa agbádá rẹ̀ ya.

Ní ọjọ́ kejì ó fi ìbínú dé.

"O ti ba kẹ̀kẹ́ mi jẹ́! Bí mo bá dúró, òun náà á dúró!"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, Alàájì."

"Ta ló rán wọn níṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Síbẹ̀ ó ń gùn ún. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóko lójoojúmọ́, ó sì ń gba ọ̀nà tó jìn padà kí àwọn ará Ìjerò tó ń kọjá lè rí i. Ó ti ń lágùn. Ó ti ń jẹun bí ọ̀dọ́. Èyí yà mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ mọ bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó sí ti kẹ̀kẹ́ lásán. Mo fi kẹ̀kẹ́ tèmi gun òkè ọ̀nà oko náà, mo sì padà wá fi ti Alàájì gùn ún. Nígbà tí mo fi kẹ̀kẹ́ lásán dé orí òkè, ìyá kan kí mi, n kò lè dáhùn. Ọwọ́ ni mo gbé sókè. Nígbà tí mo fi ti oníná dé ibẹ̀, mo lágùn díẹ̀, àyà mi ń lù, ṣùgbọ́n mo dá ìyá náà lóhùn, mo tún béèrè àwọn ọmọ. Fún irú mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kẹ̀kẹ́ oníná kì í ṣe eré ìdárayá kò gùn ún dáadáa. Ti kẹ̀kẹ́ lásán pọ̀ jù ú lọ, n kò jiyàn. Àmọ́ èyí tí Alàájì ń gùn lójoojúmọ́ ló wúlò fún un. Èyí tó kù, adìẹ ló ń lò ó.

Sìkírá dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó wo kẹ̀kẹ́ náà lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Bàbá mi, mo ní kí ẹ ṣe eré ìdárayá, ẹ lọ gun ọ̀kadà."

"Kì í ṣe ọ̀kadà. Bi Bàbá Bọ́sẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni?"

"Wọ́n ń tẹ pẹ́dà," mo wí.

"Ó dáa. Lọ́la, kí gbogbo wa jọ lọ sóko. Kí bàbá mi gun tiwọn, èmi á gun ti adìẹ. Bí mo bá rí i pé jíjókòó lásán ni wọ́n ń jókòó, Àbújá yá nìyẹn. Àpò wọn ti wà ní dídì."

Mo fọ ìgbẹ́ adìẹ kúrò lára kẹ̀kẹ́ yẹn, mo fẹ́ táyà rẹ̀. Nígbà tí a pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi lórí kẹ̀kẹ́ tèmi, mo wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Alàájì níbi tí iná kékeré kan ti máa ń tàn. Iná náà kò tàn. Wọ́n ti mú iná ìlú lọ láti ọjọ́ mélòó kan, Alàájì kò sì rí ibi tí yóò ti ki iná bọ bátìrì. Alàájì rí i pé mo rí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀, ó ń wò mí. Mo dákẹ́. Ìyẹn kò le fún mi.

Kẹ̀kẹ́ oníná tí bátìrì rẹ̀ ti tán wúwo ju kẹ̀kẹ́ lásán lọ dáadáa, nítorí mọ́tò àti bátìrì ti di ẹrù. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, Alàájì ṣe bí ọkùnrin. Sìkírá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ìborùn mọ́ra, ó ń tẹ pẹ́dà. Nígbà tí a dé òkè, Sìkírá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ah! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fún bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí mọ́ ọn ni?"

"Rárá. Òkè ni."

Alàájì ṣì ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rìn bí ìgbín. Ó dé ibi tó ga jù, òun náà bọ́ sílẹ̀, ó tì í díẹ̀, ó tún gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé orí òkè. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, òógùn ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Sìkírá dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sinmi dáadáa kó tó yọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru nínú báàgì. Ó so ó mọ́ ọn lápá. Kí ó tó wò ó, ó sọ̀rọ̀.

"Mo ti rí i. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, n kò jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ oníná yìí ti le jù fún ọjọ́ orí wọn. Bó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, á pa wọ́n. Ẹ jẹ́ ká tà á, kí wọ́n máa tẹ̀ lé mi lọ."

Alàájì la ẹnu. Ó wò mí. Ọkùnrin tó ti ń bá mi dá ara rẹ̀ lóhùn látọdún yìí wá kò rí ohùn lò, ọ̀rọ̀ sì ti dé ọwọ́ èmi tí kì í sọ ọ́.

"Iná kò sí nínú rẹ̀," mo wí.

"Nínú kí ni?"

"Kẹ̀kẹ́. Bátìrì ti tán láti ilé. Lójoojúmọ́, ẹ̀rọ ń bá wọn ṣe lára iṣẹ́ náà. Wọ́n á dé ibí, wọ́n á lágùn díẹ̀, wọ́n á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Tòní, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló gbé e gòkè. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ látìgbà yìí, wọn kò ní dé ìdajì. Ìdajì ni wọ́n dé nígbà àkọ́kọ́."

N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú ìyàwó mi.

Sìkírá wo kẹ̀kẹ́. Ó wo bàbá rẹ̀. "Ẹ ò sì lè sọ fún mi?"

Alàájì ti rí ohùn díẹ̀. "Bí mo bá ní iná ti tán, wàá ní àwáwí ni."

"Mo máa ní àwáwí ni, lóòótọ́."

Ó tẹrí ba wo ẹ̀rọ apá náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní kò dá òun lójú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kúrò lápá bàbá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ó wí. "Ẹ má fi í yangàn o. Ẹ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn. Tí iná bá ti tán nínú rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ gun òkè yìí mọ́, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Àbújá ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n mí ná, bàbá mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó lọ, iná ti dé. Alàájì sìn ín dé gáréèjì lórí kẹ̀kẹ́. Sìkírá wọ ọkọ̀, òun nìkan, ó sì yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá mi, ẹ máa tẹ pẹ́dà o!"

Alàájì kò gbọ́. Ó ti yí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀nà oko, ó ń kí àwọn èèyàn lọ ní apá ọ̀tún àti apá òsì.