Ojú Ta Ni Wọ́n Gbé Kọ́ Yìí?

Ọba ní í wàjà, àwa náà gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àjà wo ni Rani Sugan Kanwar, ayaba wa, wọ̀? Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó àlùbọ́sà lọ sí olú ìlú ló kú sí, lójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n ń gbé e wá dókítà kiri. Àyà ló ń dùn ún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé ìgbẹ̀bí Kanakgarh, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí a ní, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló jà títí ìjọba fi kọ́ ọ. Àgádágodo ló kí i káàbọ̀. Àwọn ewúrẹ́ wà ní fàráńdà, wọ́n ń fi sùúrù jẹ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lórí ìlera aboyún.

Ẹ̀yin ìjọba wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ilẹ̀kùn títì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ẹ ṣe báyìí sí. Nígbà ìbò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó lọ, Raja, ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ dupò. Raja ní ọba kì í tọrọ. Ó jókòó sí ààfin, ó ń fún àwọn ẹyẹlé rẹ̀ lọ́kà, ó ń retí kí àwọn olùdìbò wá bẹ òun. Àwọn olùdìbò náà jókòó sílé, wọ́n ń retí kó wá bẹ àwọn. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Mangilal, tó fẹsẹ̀ rin gbogbo abúlé, ló wọlé.

Nígbà tí ìbò kejì dé, ẹgbẹ́ òṣèlú ti gbọ́n. Orúkọ ààfin ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ Raja mọ́. Wọ́n bá fa ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlẹ́hàá ni. Kò sí ọkùnrin tó mọ ojú rẹ̀ lẹ́yìn bàbá àti ọkọ. Ní tiwọn, ohun tó dára jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Yóò kàn jókòó sẹ́yìn aṣọ, àwọn ni yóò máa sọ̀rọ̀. Wọn ò rántí pé ojú ni ìbòjú ń bò, kì í bo ẹnu.

Wọ́n ta kọ́tìnnì yí jíìpù ká, wọ́n gbé e wọ abúlé. Lọ́yà Mangilal tẹ̀ lé e, ó ń pariwo níta: "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé kọ́tìnnì lẹ fẹ́ dìbò fún ni? Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá èèyàn ló wà níbẹ̀ àbí àpò ọkà!"

Ohùn kan jáde láti inú jíìpù, kò ga rárá. "Lọ́yà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọdún márùn-ún la fi wo ojú tiyín. Ojú náà dáa lóòótọ́. Kí la rí jẹ níbẹ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Bí àpò ọkà ṣe wọlé ìbò nìyẹn, tó sì ń wọlé lọ láìmọye ìgbà. Nílé ìgbìmọ̀, àwọn mínísítà bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni bẹ̀rù ọ̀fìn. Bí wọ́n bá ń parọ́, wọn a wo ojú àwọn aṣòfin láti mọ ẹni tó gbà á gbọ́. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń bá. Ṣé ó ń sùn ni? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín? Àfi ìgbà tó bá dìde tó ní, "Ọ̀gá, ẹ tún èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn sọ," ni wọ́n tó máa ń mọ̀ pé kò sùn.

Ilé ìgbẹ̀bí yìí ńkọ́? Ẹ gbọ́ bó ṣe gbà á. Mínísítà ìlera ìgbà náà ń fi "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" dá a lóhùn, àwọn aboyún sì ń kú sójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, Rani Sugan kó àwọn obìnrin Kanakgarh sínú bọ́ọ̀sì, ìyá mi wà lára wọn. Gbogbo wọn wọ pupa, gbogbo wọn bojú. Wọ́n lọ jókòó sí fàráńdà ọ́fíìsì mínísítà, wọn ò fọhùn. Mínísítà jáde, ó bá ìbòjú pupa rẹrẹẹrẹ nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ayaba, ṣùgbọ́n èwo ni? Bó bá kọjá lára ayaba láì kí i, ìbò agbègbè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọkùnrin bá tẹ̀ ba, ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Rani Sa, ẹ jọ̀ọ́. Rani Sa, ẹ má bínú." Títí ìyá mi, aya amọ̀kòkò, fi kú ló ń fi ìyẹn yangàn fún bàbá mi. Nígbà tí mínísítà dé ẹsẹ̀ Gavri, tó ń gbálẹ̀ ọjà, Gavri gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Wàá dàgbà, ọmọ mi. Ó yá, lọ fọwọ́ síwèé." Ó sì lọ fọwọ́ sí i. Rani Sugan jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ, èjìká rẹ̀ ń mì.

Èmi mọ ojú tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Gbogbo àwa obìnrin Kanakgarh la mọ̀ ọ́n. Ní àgbàlá ẹ̀yìn ààfin, níbi tí ọkùnrin kì í dé, ó máa ń ká ìbòjú sókè, a ó jọ máa bó ẹ̀wà tútù. Kò rẹwà. Ilẹ̀ gbígbóná ti jẹ ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, eyín iwájú kan sì ti kán. Bó bá rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ a máa gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, òun ló fi ojú yẹn wo bàbá mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tó ní bó bá dán an wò, òun yóò wá jókòó sí fàráńdà rẹ̀. Bàbá mi rántí mínísítà. Ó jẹ́ kí n kàwé. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ó kú tán, ìjọba wá rántí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sílé ìgbìmọ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ọkùnrin láti wá fọ́tò. Àwọn ọkùnrin yìí lọ bá ọkùnrin, Digpal, ọmọ àbúrò olóògbé Raja, tó ti sọ ààfin di òtẹ́ẹ̀lì. Digpal yọ àwòrán ayaba kan tó wà lára ògiri yàrá ìjẹun fún wọn. Wọ́n fi han àwọn ọkùnrin ìlú wa: "Ṣé òun nìyí?" Kí ni àwọn wọ̀nyí fẹ́ mọ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ kàn láti kí i ni wọ́n mọ̀. Ratan onígbàjámọ̀ tiẹ̀ sọ òótọ́. Ó ní, "Ẹ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ hàn mí kí n tó búra." Àwòrán náà ò kọjá àyà.

Wọ́n kó wa lọ pàtẹ́wọ́ níbi ìṣíṣọ lójú rẹ̀. Mínísítà ìlera tòní fa aṣọ. Ọmọbìnrin arẹwà kan yọ, eyín rẹ̀ funfun gbòò. Òṣèré sinimá tó wá ya fíìmù ní ààfin nígbà kan ni!

Gavri, tó ti darúgbó, ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ta lọmọ yìí?"

"Màmá, Rani yín nìyí."

"Rani wa? Ṣé ikú máa ń bá èèyàn tún eyín ṣe ni?"

Mínísítà ní tí a bá ní ẹ̀rí pé kì í ṣe òun, ká mú un wá fún ìgbìmọ̀. Ìgbà yẹn ni Dhapu, àbúrò mi tó lóyún, dìde, ó fọwọ́ ti ìbàdí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọmọge yín wà lórí ògiri o. Ó rẹwà, kò bá wa jà. Dókítà la fẹ́."

"Dókítà Tater wà ní Kanakgarh. Mo rí fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí yín."

"Àwa náà rí i! Fọ́tò yẹn náà ló máa gbẹ̀bí mi?"

Ẹ wò ó, a ní aṣòfin kan tí ọkùnrin ìlú ò rí ojú rẹ̀ rí, kò sì sí ọjọ́ tí a wá a tì. Nísinsìnyí a ní dókítà tí gbogbo ìlú mọ ojú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rí i rí. Ta ló fún un láyè láti máa jókòó sí olú ìlú? Ta ló ti ilẹ̀kùn tí Rani Sugan kú fún àìṣí rẹ̀? Mínísítà, ẹ dárúkọ ẹni náà fún wa ní gbangba, kí ẹ sì mú un wá jẹ́jọ́. Ẹ fi dókítà ránṣẹ́. Bí ojú bá ń tì í, kó daṣọ bojú wá, ìyẹn ò jẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ kó yára o. Oṣù Dhapu ti pé, ọmọ inú kì í gbọ́ "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."