Àwọn Ọmọ Tí Wọn Kò Kà Mọ́ Ọn

Kọ́là aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ ọ́. Wọ́n ní ilé ìwé kan ní Kwali, ní agbègbè Àbújá níbí, èyí tí wọ́n ti ń dán ọ̀nà ìkọ́ni tuntun wò, gbogbo ọmọ kíláàsì kẹfà rẹ̀ ló yege nínú ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì, kò ku ẹyọ kan. Ọ̀gbẹ́ni kan wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà pé àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa ń retí ti dé. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Mo mọ ilé ìwé yẹn bí ẹní mọ owó. Èmi ni mò ń rán aṣọ wọn.

Ẹni tó bá bí ọmọ tó ń tiraka ló máa mọ bó ṣe rí lára mi. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò sì tíì lè ka ojú ewé kan tán kó má fi ibì kan há. Ilé ìwé ìjọba ló ń lọ, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ìyá Gbagyi, tó máa ń dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ, tí yóò máa fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún un. Mo mọ rírì obìnrin náà. Ṣùgbọ́n sẹ́kọ́ńdírì ni èmi parí, ibẹ̀ ni mo dúró, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi. Kílẹ̀ tó ṣú, mo ti gé aṣọ tirẹ̀ láti ara aṣọ ilé ìwé tuntun yẹn. Mo sọ fún un pé ó máa pààrọ̀ ilé ìwé. Ó fò sókè títí.

Fọ́ọ̀mù ìwọlé sí ilé ìwé náà ni mo gbé lọ bá ará ilé wa kan, ọmọ ìlú ọkọ mi láti apá Kàbbà, kó bá mi kọ ọ́. Iṣẹ́ ìṣirò ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Wuse. Wọ́n máa ń kó iye nǹkan wá fún un láti oríṣiríṣi ìlú, òun ni yóò sọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́ nínú rẹ̀. Mo ròyìn ohun tí rédíò sọ. Kò tíì ṣí bíírò.

“Ìyàwó, ọmọ mélòó ló jókòó ṣe ìdánwò náà?”

Mo ní gbogbo wọn ni.

“Gbogbo wọn, mélòó ni?”

Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ní òjò rọ̀, ẹ̀yin á ní kí wọ́n gbé ike wá kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kan wà lóòótọ́ tí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ló bá bi mí pé ta ló ń wọn àwọn ọmọ náà fún aṣọ. Mo ní èmi ni. Ó ní ọmọ kíláàsì karùn-ún mélòó ni mo wọ̀n lọ́dún tó kọjá, mélòó sì ni mo wọ̀n fún kẹfà lọ́dún yìí. Òfin ilé ìwé yẹn ni pé ẹni tó bá wọ kíláàsì kẹfà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ sí kọ́là funfun, ọ̀dọ̀ mi nìkan ni wọ́n sì ń rán wọn wá. Mo lọ mú ìwé tí mo ń kọ àyà, èjìká àti gígùn wọn sí. Kíláàsì karùn-ún gba ojú ewé méjì gbáko. Kẹfà tó tẹ̀ lé e kò kún ojú ewé kan.

Mo rò pé yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí n má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìwé mi sọ pé wọ́n dín kù, kò sọ ibi tí wọ́n lọ. Kí n lọ béèrè.

Nọ́ńbà àwọn ìyá wọn wà lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ọ̀kan ní àwọn ti kó lọ sí Abaji. Òmíràn rò pé iṣẹ́ ni mò ń wá, ó ní kí n dúró dìgbà ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni kẹta yàtọ̀. Ó ní wọ́n pe òun sí ilé ìwé nígbà tí ọmọ òun parí kíláàsì karùn-ún, kí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò tó dé, wọ́n ní ọmọ òun yóò bà wọ́n lórúkọ jẹ́, kóun wá ilé ìwé míì fún un. Mo tún rí àwọn méjì tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà.

Mo padà dé pẹ̀lú ìbínú. Mo ní rédíò purọ́.

“Rédíò ò purọ́,” Ẹ̀gbọ́n dá mi lóhùn. “Gbogbo ẹni tó jókòó ló yege. Àwọn tí wọn ò jẹ́ kó jókòó ni wọn ò kà mọ́ ọn. Ọ̀nà ìkọ́ni yẹn tiẹ̀ lè dára o, èmi ò mọ̀, ẹni tó ka ìròyìn náà ò sì mọ̀.” Ó wá wo ojú mi. “Ọmọ tìẹ ńkọ́? Bó bá débẹ̀, inú àwọn wo ni yóò bọ́ sí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. A ò kọ fọ́ọ̀mù náà mọ́. Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ì bá ti kọ ọ́ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ kí olùkọ́ ọmọ mi. Sànnu, sànnu ló ń fi Hausa kí mi padà, kò mọ ohun tó fà á. Nígbà tí mo béèrè bí ọmọ mi ti ń ṣe sí, ó ṣí ìwé kékeré kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi ti kà tì ló kọ síbẹ̀, ó sì fa ìlà sí èyí tó ti wá mọ̀ nínú wọn. Ìlà náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ojú tì mí pé n kò tíì béèrè rí.

Ìgbà tí mo délé, ọmọ mi ti bá aṣọ tí mo gé níbi tí mo ká a sí, ó ti gbọ́ pé òun kò lọ mọ́. Òyìnbó ló fi bi mí, bí àwọn ọmọ ibí ti máa ń ṣe, pé ṣé wọ́n kọ òun torí òun ò mọ̀wé kà ni. Mo gbé e sí itan, bó ti wúwo tó nì.

Mo ní, “Rárá o. Èmi ni mo kọ̀ wọ́n. Tíṣà rẹ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ò tíì mọ̀, ó kọ wọ́n sílẹ̀, kò sì lé ẹ. Bó o bá kà á tì lọ́la, má fi pamọ́ fún mi. Mú un wálé, ká jọ kà á.”