Àgbọn Kan Ní Etí Òkun

Títí di òní, bí wọ́n bá gbé àgbọn síwájú mi, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó fọwọ́ kàn án.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní Ẹ̀rúnmu, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkun tipẹ́, èmi fúnra mi kò sì rí i rí. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo di aṣọ díẹ̀ àti gaàrí sínú àpò, mo wọ lọ́rí lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo sì bá àwọn ẹlẹ́ja wọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn ìlú etí òkun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń sùn. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ ni mò ń jẹ. Ewùrà tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, wọ́n rin ín, wọ́n fi ẹja sè é ní ìkọ́kọrẹ́, mo sì jẹ ẹ́ títí mo fi ń lá ọwọ́. Ayé dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fẹsẹ̀ rìn létí òkun láti ìlú kan sí èkejì. Gaàrí mi ti tán, oòrùn mú, ebi sì ń pa mí. Mo rí àgbọn kan tó já bọ́ sídìí igi. Mo bá èèpo rẹ̀ jà títí, mo mu omi rẹ̀, mo jẹ ẹ́, mo sì to èèpo rẹ̀ sídìí igi dáadáa.

Bí a ti ń ṣe nílé wa nìyẹn. Arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè wọ oko olóko, kó wa iṣu kan, kó sun ún níbẹ̀, kó jẹ ẹ́ yó. Kó ṣáà má gbé e kúrò lóko. Èèpo tó bá fi sílẹ̀ ni yóò sọ fún olóko pé ebi ló wọ oko rẹ̀, kì í ṣe olè.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ "Olè!" lẹ́yìn mi. Apẹja méjì rọ́ lù mí. Èèpo tí mo tò sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé n kì í ṣe olè, òun gan-an ni wọ́n gbé lé mi lórí, wọ́n sì mú mi lọ bá baálẹ̀. Èmi, tíṣà, tí ń na ọmọ nítorí olè jíjà! Orúkọ wo ló kù fún mi bí ìròyìn yìí bá dé ilé?

Mo ní, "Bàbá, ní Ẹ̀rúnmu, ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe olè. Bàbá mi ní igi ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó já a ni."

Wọ́n ti lọ pe ìyá arúgbó tó ni igi náà wá. Òun ló dá sí ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ mi, bébi bá ń pa ọ́, kí ló dé tó ò wá sílé? Ilé wa ò jìnnà."

Wọ́n fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ń pè mí ní olè àgbọn títí mo fi wọkọ̀. Mo búra pé gbogbo Ẹ̀rúnmu ni yóò gbọ́ irú èèyàn tó wà létí òkun.

Lọ́rí já mi sílẹ̀ ní Adégbayì lójú títì, mo sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ẹ̀rúnmu. Ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ nígbà tí mo dé ìdí igi ọsàn bàbá mi. Mo na ọwọ́, mo sì rí ààlè tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka rẹ̀: àkísà pupa, ìkarahun ìgbín àti àgékù ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá ká a, ohun burúkú ni yóò ká.

Bí mo ti kí bàbá mi tán, mo bi wọ́n léèrè ẹni tó so ààlè náà.

"Èmi ni. Àwọn onímọ́tò ń kó ọsàn sápò."

"Bàbá, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ńkọ́?"

"Kó wá sílé. Ilé wa ò jìnnà."

Inú bí mi sí bàbá mi ju bó ti bí mi sí àwọn apẹja lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà sídìí igi ọsàn, mo tú ààlè náà, mo sọ ọ́ sígbó.

Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá mi ti so òmíràn.