Ẹyẹ Jéèdì Tí Mo Ní Kí Ó Dá Padà

Òórùn ẹrẹ̀ odò àti ti aṣọ tí kò gbẹ tán ni mo fi ń rántí fúláàtì wa ní Thamesmead nílùú ọba, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìyàwó mi ń tọ́jú ìyá arúgbó òyìnbó kan ní Shooters Hill nígbà náà, opó atukọ̀ òkun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé, kò tíì bọ́ kóòtù òtútù rẹ̀ tó fi tú aṣọ ìnujú kan sórí tábìlì. Ẹyẹ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà ìgbàanì fi òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní jéèdì gbẹ́: àwọ̀ ewé, ìrù gígùn tó ká mọ́ra, irú ẹyẹ inú ìtàn tí kò sí nínú igbó kankan.

"Tòlótòló wo lèyí?"

"Tòlótòló kẹ̀! Daddy, ẹyẹ ọba lẹ ń bú yẹn o." Ó fi í sí mi lọ́wọ́. "Ó tutù, àbí? Ẹ dì í mú. Á gba ooru ọwọ́ yín."

N kò dì í mú pẹ́. Ayé kò rọrùn fún àwa àjòjì nígbà yẹn. Ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, mo sì mọ orúkọ tí wọ́n lè sọ èèyàn dúdú tó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílé arúgbó.

"Olè ni wọn yóò pè ẹ́. Dá a padà."

"Ìyá yẹn ló fún mi. Ṣé a máa ń dá ẹ̀bùn àgbà padà ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo sìn ín gun òkè Shooters Hill bí ẹni ń sin ọ̀daràn. Ìyá náà gba ẹyẹ rẹ̀. Ìyàwó mi nìkan ló wò. "Kí ni mo ṣe ọ́?" ló bi í. Ìyàwó mi mọ èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni ìdáhùn náà ì bá dójú tì, ó sì dákẹ́. Kò pé oṣù kan tí ìyá náà fi ní kí wọ́n wá olùtọ́jú mìíràn fún òun.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ pé ìyá náà ti kú. Lẹ́yìn náà la rí ẹyẹ ọ̀hún lórí tábìlì alágbàtà kan lọ́jà Woolwich, láàárín ṣíbí àtijọ́. Ìyàwó mi mú un, ó pa ọwọ́ dé lé e. Mo ti ń wá owó nínú àpò nígbà tó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Daddy. Ẹni tó fún mi kọ́ ló ń tà á."

Kò tún dárúkọ ẹyẹ náà mọ́ títí ayé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń pe ohun tí mo ṣe ní ọgbọ́n. Ẹ̀rù mi ni. Ìyàwó mi ni mo gbé ìtìjú ẹ̀rù náà rù.

Lọ́jọ́ tó kú, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó tutù. Mo dì í mú pẹ́, ó pẹ́ gan-an ju bí mo ti di ẹyẹ yẹn mú lọ. Kò gba ooru ọwọ́ mi.