Àdúrà fún Èjìká Àpọnmi

Ìwé pélébé kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn nínú ìjọ náà a kọ ọ́ sínú ìwé, a sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Katikíìsì a kà á sókè, gbogbo ìjọ a ṣe àmín. Màmá Edith, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kọ tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó dúró ṣánṣán bí èyí tó wà lára pátákó: "Fún ọmọ wa tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní Bẹ́líjíọ̀mù. Kí Olúwa wo èjìká rẹ̀ sàn kó tó di ọjọ́ Àìkú."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ náà ṣubú lóòótọ́, Bẹ́líjíọ̀mù náà ló sì ti ṣubú. Ohun tí Màmá kò kọ ni pé òun kọ́ ló bí i, pé òun kò fojú kàn án rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n, àti pé ọmọ Ẹritríà kan ni, tó ń fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun.

Ìjọ tó gbọ́ "Bẹ́líjíọ̀mù" kò tún dúró gba àlàyé. Ta ni kò mọ̀ pé Ayọ̀tọ̀míwá, ọmọ ọmọ Màmá, ń kàwé níbẹ̀? Físà rẹ̀ nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba àdúrà náà débi pé àga ń mì. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ìyáàfin Rachel, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, kó obìnrin mẹ́fà lẹ́yìn, wọ́n gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ńlá kan, ó di ilé Màmá ní Fọlágbadé.

Inú Màmá dùn. Ó rò pé àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ti bẹ̀rẹ̀ sí í lóye eré kẹ̀kẹ́ níkẹyìn. Ó gba abọ́, ó sì ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀: òjò rọ̀, òkúta ń yọ̀, ẹni iwájú tẹ bíréèkì lójijì. Àwọn obìnrin ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè bóyá ìyá ọmọ náà ti gbọ́. Màmá ní òun kò mọ ìyá rẹ̀ rárá.

Àwọn obìnrin náà dìde. Wọ́n kí i pé ó dàbọ̀ bí ẹni ń kí aláìsàn. Wọn ò tíì dé ẹnu géètì tí Ìyáàfin Rachel fi pe Ayọ̀fẹ́, ọmọ Màmá tó bí Ayọ̀tọ̀míwá, ní Èkó, ó bá a kẹ́dùn lẹ́ẹ̀mejì: èkíní, ọmọ rẹ ti fi èjìká ṣèṣe, èkejì, ìyá rẹ ò mọ̀ ọ́ mọ́. Ayọ̀fẹ́ pe Ayọ̀tọ̀míwá lójú ẹsẹ̀. Ẹyin ni ọmọ náà ń dín, èjìká rẹ̀ méjèèjì pé. Orí Màmá nìkan ló wá kù tí wọ́n máa wò.

Kí á sọ òótọ́, orí náà ní ètò tirẹ̀. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fi ìkórè àti àwẹ̀ ka ọdún, eré kẹ̀kẹ́ ni Màmá fi ń kà á. Ní oṣù Kejì, wọ́n wà nínú aṣálẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Ní oṣù Kẹta, Ítálì. Ní oṣù Kẹrin, ojú ọ̀nà olókùúta. Oṣù Keje, ilẹ̀ Faransé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọdọ̀ gbéyàwó tàbí kú láàárín aago mẹ́jìlá sí márùn-ún. Sólà tí àwọn ọmọ rà kí fíríìjì lè máa ṣiṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé e jẹ. Ẹja inú fíríìjì ti gba kádàrá.

Àwọn tó ń gba ipò kìíní kò sì wù ú. Ẹni tó yàn ni ọmọ Ẹritríà yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kò ju kó padà sẹ́yìn lọ sídìí ọkọ̀, kó ki ike omi bọ ẹ̀wù títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dà bíi ti ràkúnmí, kó sì sáré gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níwájú. Bí táyà ọ̀gá bá jò, tirẹ̀ ni yóò yọ fún un. Màmá sọ ọ́ ní Àpọnmi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Olùkọ́ nìyí."

Òun náà gun kẹ̀kẹ́ rí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, láti Odogbolu ló ti ń gùn ún lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ayépé. Ọ̀gá ilé ìwé pè é sí ọ́fíìsì, ó ní obìnrin tó bá fẹ́ bímọ kì í gun kẹ̀kẹ́. Edith ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá kò kọ ọ́. Ọmọ mẹ́rin ni Edith bí, àti lẹ́yìn ìkómọ kọ̀ọ̀kan, ó gun kẹ̀kẹ́ náà kọjá níwájú ilé ọ̀gá, ó sì tẹ aago rẹ̀ láti fi kí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Ayọ̀fẹ́ dé láti Èkó pẹ̀lú báàgì ńlá kan tó ṣófo. Frederick, àbúrò Màmá, tó jẹ́ wọ́dìn ìjọ, tẹ̀ lé e wọlé. Màmá wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan, pẹ́ńsù létí. Eré olókùúta tó ń parí sí Roubaix, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ló ń lọ lọ́wọ́, Àpọnmi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì léjìká.

Ayọ̀fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó ní àwọn ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀ fún un ní Èkó, kò ní àtẹ̀gùn, dókítà sì wà nítòsí. Màmá béèrè bóyá dókítà náà máa ń wo eré kẹ̀kẹ́.

"Màmi, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀ mí."

"Ìyá Àpọnmi ni mo ní n ò mọ̀. Ìwọ, mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Ìwọ lo jẹ ṣọ́ọ̀kì méjì ní kíláàsì mi, tó o ní Olúwa ló pàṣẹ."

Frederick wú ikọ́. Ó ní apẹ̀rẹ̀ ìjọ kò wà fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìtìjú, pé Sísí òun, bó ṣe máa ń pe Màmá, nílò ìsinmi.

"Frederick," ni Màmá wí láì gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, "ta ló gba àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún tó kọjá nítorí orúnkún agbábọ́ọ̀lù kan ní Lọ́ndọ̀nù?"

Frederick ní ìyẹn yàtọ̀. Màmá dúró kó sọ ohun tó fi yàtọ̀. Ó ṣì ń dúró nígbà tí táyà ọ̀gá Àpọnmi jò.

Àpọnmi sọ̀ kalẹ̀, ó yọ táyà tirẹ̀ fún un, ó tì í láti ẹ̀yìn, ó sì dúró sínú eruku pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Gbogbo ayé ń kọjá lára rẹ̀. Ayọ̀fẹ́, tó ṣì wà lórí eékún, béèrè bóyá ó ti tán fún un nìyẹn. Màmá ṣàlàyé pé ọkọ̀ ẹgbẹ́ yóò gbé táyà mìíràn wá fún un, ṣùgbọ́n àkókò kan wà tí wọ́n dá. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀.

"Kí ló wá tún fẹ́ sáré fún?"

"Ohun tó ń mú kí n jí láàárọ̀ nínú ilé yìí náà ni." Màmá yọ pẹ́ńsù létí. "Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ bá ní orí mi ti dàrú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. Màá fi bírò pupa máàkì í fún yín. Ṣùgbọ́n Èkó, n ò lọ."

Ẹnikẹ́ni kò béèrè fún ìwé.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan gba ipò kìíní nínú pápá róbótó tí eré náà ń parí sí. Màmá kò bìkítà. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá ọkùnrin náà lẹ́nu wò fún ìgbà pípẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tilẹ̀ ti ń ká àsíá, nígbà tí Frederick nàka.

"Sísí, ẹni ẹ̀yìn yẹn. Òun kọ́ nìyẹn?"

Òun ni. Lẹ́yìn èjìká ẹni tó ń ṣẹ́rín sí kámẹ́rà, ó ń yí pápá náà po, ó dúdú fún eruku, ó rọra ń wa ẹsẹ̀. Àkókò ti kọjá. Kò sì sáré, kò sì dúró, títí ó fi dé ojú ìlà.

Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀. Màmá ṣí ìwé orí itan rẹ̀, ó kọ ọ́.

Ó wá ní kí Ayọ̀fẹ́ dìde nílẹ̀, kó gbé báàgì rẹ̀ wá. Gààrí ló rọ kún inú rẹ̀ títí síìpù fi kọ̀. Lẹ́yìn náà ló ya ìwé pélébé kan, ó kọ nǹkan sí i, ó sì nà án sí Frederick pé kí wọ́dìn fúnra rẹ̀ bá òun sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Frederick kà á: "Ìdúpẹ́. Ọmọ wa tó ṣubú ní Bẹ́líjíọ̀mù ti parí eré rẹ̀. Kì í ṣe Ayọ̀tọ̀míwá."

Frederick kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ká a sí méjì, ó fi sápò.