Yàrá Tí Ẹ̀rọ Kọ́kọ́ Wò

Ní Ìgbó-Ọrà tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá ra bàtà fún ọ̀kan nínú ìbejì láìra ti èkejì, ìjà ló ń wá. Ìbejì lèmi náà, bóyá ìyẹn ló sì kó bá mi lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà nínú tábìlì kan, ìyẹn àtẹ orúkọ wọn, nínú yàrá kan nínú dátábéèsì wa, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí. Sìkímà là ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀. Mo ṣí yàrá kejì láti fi dán nǹkan wò, mo sì fi tábìlì olórúkọ kan náà sínú rẹ̀, òfìfo. Ìlà àṣẹ kan ló ń sọ yàrá tí ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ wò. Mo fi yàrá òfìfo ṣáájú, mo sì gbàgbé láti dá a padà. Tí ẹ̀rọ bá ti rí tábìlì tó ń wá, kì í wo iwájú mọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni bàbá àgbẹ̀ kan dé láti Ìdèrè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyàwó rẹ̀.

"Oṣooṣù ló máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ yín lòun ń lọ gba oògùn. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni."

Mo tẹ orúkọ ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, wọn ò wá síbí rí."

"Mi ò rí orúkọ wọn" ló yẹ kí n sọ. Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. Bàbá ní, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì pariwo pé òun ò rí orúkọ aláìsàn kankan lórí kọ̀ǹpútà mọ́. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́. Ìgbà tí mo bi ẹ̀rọ pé yàrá wo ló ń wò ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Mo tún ìlà náà kọ, gbogbo wọn sì padà. Inú mi dùn débi pé n kò rántí bàbá náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ojú ń tì mí láti kọ ìyẹn.

Nígbà tí mo dé Ìdèrè, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ni mo ṣì darí, pé ìyàwó rẹ̀ ń wá, kò pa oṣù kankan jẹ.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mo ti lọ síbi oórì rẹ̀," ó ní. "Mo pè é ní òpùrọ́. Mo ní kó má dúró dè mí lọ́run."

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bá mi bínú.

"Ṣùgbọ́n ìwọ tó mọ̀wé, ṣé ó máa gbọ́ tí mo bá padà lọ bẹ̀ ẹ́?"